Kí Wáyà Tó Kan Ọkàn Mi

Mo ti wọ aṣọ ọsibítù, èyí tí wọ́n ń fi okùn so lẹ́yìn. Mo ti bọ́ yẹtí, mo ti bọ́ òrùka ìgbéyàwó tí kò kúrò ní ìka mi láti ọdún 1991, ọmọbìnrin mi ti kó wọn sínú àpò rẹ̀. Láti alẹ́ àná, omi díẹ̀ nìkan ló kan ẹnu mi. Wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò kan ṣoṣo tó kù, orí mi sì wúwo nítorí oògùn tí wọ́n gún sí mi lápá. Dókítà wá, ó fa àga, ó jókòó. Látìgbà tí mo ti ń bá wọn bọ̀, ìdúró ni wọ́n máa ń wà bá mi sọ̀rọ̀, nítorí náà bí mo ṣe rí i tó jókòó, mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yí. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti dì sí kọ̀rọ̀ kan nínú ọkàn mi. Ó ní tí àwọn bá ti wáyà débẹ̀ lónìí, ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn lè já, kó gba inú iṣan lọ sí ọpọlọ, kí n sì jí pẹ̀lú rọpárọsẹ̀. Ó ní kí n máa lọ sílé.

Mo sunkún nínú mọ́tò délé. Oṣù mẹ́jọ ni mo ti fi dúró de ọjọ́ yẹn, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ti wáyà wọ inú ọkàn mi láti tún ìlù rẹ̀ ṣe. Inú bí mi sí dókítà, inú bí mi sí ẹ̀rọ tí wọ́n kì bọ̀ mí lọ́fun. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó gbà fún ara mi pé àyẹ̀wò tí mò ń bínú sí yìí ló gbà mí lọ́wọ́ àrùn, àti pé èmi gan-an ni mo fi ẹnu ara mi ba ọjọ́ náà jẹ́. N ó dé ibẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí ni pé lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi kò sọ ju pé wọ́n á ṣe àyẹ̀wò díẹ̀ kí iṣẹ́ náà tó wáyé. Kò sẹ́ni tó jókòó tì mí, tó fi èdè tí mo fi ń lálàá ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń wá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká ní mo mọ ohun tí wọ́n ń wá ni, mi ò ní purọ́ fún wọn.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe. Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ṣẹ́, gúúsù London ni mo ti ń fi jẹun. Ẹni tó bá ti jókòó ti maṣíìnì pẹ́, etí ló fi ń mọ̀ bóyá òwú ń wọlé dáadáa. Tí maṣíìnì bá fo ojú kan péré, etí á ti gbọ́ kí ojú tó rí i lára aṣọ. Bí mo ṣe gbọ́ ti ọkàn mi náà nìyẹn. Mo fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn lóru ọjọ́ kan, etí mi wà lórí ìrọ̀rí, mo sì ń gbọ́ ọ: kì, kì, kì, ó dákẹ́, ó sáré lù bí ẹ̀ẹ̀meje léraléra, ó tún dákẹ́. Mo dìde jókòó, mo mu omi, kò lọ.

Atrial fibrillation ni orúkọ rẹ̀, AF ni gbogbo wa ń pè é ní ọsibítù. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, iná mànàmáná kékeré kan ló sì ń sọ ìgbà tí wọn yóò fún pọ̀ fún wọn. Nínú AF, iná náà ń tú ká kiri yàrá òkè láìlétò. Yàrá náà kò ní í fún pọ̀ mọ́, á kàn máa gbọ̀n ni, ó sì lè gbọ̀n ju ìgbà 300 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa ṣàn á wá máa rọ́ sí kọ̀rọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó bá sì dúró sójú kan, á dì, bí ẹ̀kọ gbígbóná tí a gbé kalẹ̀ tí a ò rò. Ìdí nìyẹn tí rọpárọsẹ̀ fi súnmọ́ ẹni tó ní AF ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún ju ẹni tí kò ní in lọ, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi fún mi ní apixaban, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́.

Oògùn tó yẹ kó mú ìlù ọkàn mi bọ̀ sípò kò kápá rẹ̀. Wọ́n wá ní kí n ṣe ablation. Wọ́n á gba inú iṣan níbi tí itan ti pàdé ikùn, wọ́n á ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gòkè dé inú ọkàn, wọ́n á fi iná jó àyíká ibi tí ìdàrúdàpọ̀ náà ti ń wá, tàbí kí wọ́n fi òtútù pa á. Wọn kì í la àyà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ inú ọkàn náà bí aránṣọ ṣe gbọ́dọ̀ wọn ara oníbàárà kó tó fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ.

ECG ló rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Sítíkà mẹ́wàá ni wọ́n lẹ̀ mọ́ mi lára, mẹ́fà láyà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní apá méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀rọ náà kò ti iná kankan sí ọ lára, iná tí ọkàn fúnra rẹ̀ ń mú jáde ló ń kà. Kò dunni rárá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, sítíkà kọ̀ láti lẹ̀. Mo ti wẹ̀, mo ti fi òrí para láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀ bí ìyá mi ṣe kọ́ wa, ara mi ń dán. Nọ́ọ̀sì lẹ ọ̀kan, ó jábọ́. Ó lẹ èkejì, ó yọ̀ wálẹ̀. Ó fi òwú àti sípíríìtì nù mí, ó tún tuntun lẹ̀, síbẹ̀ ìlà tó jáde lórí bébà ń gbọ̀n débi pé wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ kejì. Ó sọ fún mi pé nígbà tí Einthoven, ará Netherlands tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1924 nítorí iṣẹ́ yìí, ń bẹ̀rẹ̀, inú garawa omi iyọ̀ ni àwọn èèyàn ń ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bọ̀, torí omi iyọ̀ ń gbé iná. Òróró kì í gbé e. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ní àyẹ̀wò, òrí á dúró dè mí nílé títí n ó fi dé.

Mo tún rán bùbá kan tó ní bọ́tìnnì níwájú láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìró ni mò ń ró sí i. Obìnrin tó bá wọ gáùn gígùn lọ, gbogbo rẹ̀ ni yóò bọ́. Bí o bá sì fẹ́ kí obìnrin ṣe é fún ọ, sọ fún wọn. Mo sọ, kò sẹ́ni tó bínú sí mi.

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ni ECG ń wò. Tí ọkàn bá ń lù déédéé ní àsìkò náà, kò ní í rí nǹkan kan. Nígbà tí mo padà lọ, tèmi ń lù jẹ́jẹ́ bí ọmọ tí àlejò dé bá. Wọ́n wá fún mi ní Holter, ẹ̀rọ kékeré bí páálí ìṣáná tí mo gbé kọ́rùn fún ọjọ́ méje. Èyí tí ọ̀gbẹ́ni Holter kọ́kọ́ ṣe ní ìpínlẹ̀ Montana ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn ni wọ́n ń pọ̀n ọ́n sí, ó sì tó kílò 38.

Mo fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ náà sinmi kí èsì lè dára. Nọ́ọ̀sì ní rárá, pé àwọn ò wá èsì tó dára, òótọ́ làwọn ń wá, kí n lọ gbé ayé mi bí mo ṣe ń gbé e. Mo gun àtẹ̀gùn, mo ránṣọ, mo jó níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Peckham. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé pélébé tí wọ́n fún mi: ọjọ́, aago, ohun tí mò ń ṣe, ohun tí mo gbọ́ lára. Ẹ má fojú kéré ìwé yẹn. Nígbà tí wọ́n fi wé ohun tí ẹ̀rọ ká sílẹ̀, aago mẹ́ta òru tí mo kọ "mo jí, àyà ń fò" gan-an ni AF bẹ̀rẹ̀, wákàtí mẹ́rin ló fi ń ṣe é. Ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tí n kò gbọ́ nǹkan kan lára. Èyí tí n kò gbọ́ yìí ló bà mí lẹ́rù jù. Mo ti ń rò pé tí àyà mi bá ti rọlẹ̀, ewu ti kọjá nìyẹn.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára mi ju bí mo ṣe lè kà lọ. Wọ́n wo thyroid, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lọ́rùn, torí tó bá ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè dá AF sílẹ̀, wáyà kò sì ní í yanjú ìyẹn. Wọ́n wo kíndìnrín, wọ́n wo potassium, irú iyọ̀ kan nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó jẹ́ pé tó bá lọ sókè jù tàbí tó wálẹ̀ jù, ìlù ọkàn á dàrú. Wọ́n wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára. Mo sọ fún wọn pé AS ni jẹ́nótáìpù mi. Ẹni tó bá jẹ́ SS, kó má dúró kí wọ́n tó bi í o, torí àìmu omi àti oògùn oorun ń fẹ́ àmójútó ọ̀tọ̀ lára rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé mò ń lọ ṣe echo, ó ní, "Èkó? Kí lo fẹ́ lọ ṣe l'Ékòó nígbà tí ara rẹ ò yá?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo wá ṣàlàyé fún un pé irú àwòrán tí wọ́n fi ń wo oyún inú ni, àyà ni wọ́n á gbé e lé. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, torí ó ti rí ti oyún rí.

Yàrá echo ṣókùnkùn díẹ̀. Mo fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, ọwọ́ òsì lábẹ́ orí. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan fi jẹ́ẹ̀lì tútù sí mi láyà, ó sì ń fi ẹ̀rọ náà tẹ̀ mí lábẹ́ ọmú àti láàárín egungun ìhà. Ó ń dunni díẹ̀, torí egungun kì í jẹ́ kí wọ́n rí inú dáadáa àfi kí wọ́n wá àlàfo. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, ìró sì gba yàrá náà, ṣàà, ṣàà, ṣàà-ṣàà, bí ẹni ń fi ọwọ̀ gbá àgbàlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀jò. Ẹ̀jẹ̀ ara mi ni mò ń gbọ́. Mo bi í bóyá ó dára, kò dáhùn. Ó ń wọn nǹkan lórí gíláàsì, ó ń tẹ bọ́tìnnì, ojú rẹ̀ le. Fún bí ìṣẹ́jú 40, mo ti sin ara mi tán lọ́kàn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé wọn kò gbà á láyè láti sọ èsì, dókítà ló ń sọ ọ́. Dídákẹ́ wọn kì í ṣe ìròyìn burúkú. Agbára tí ọkàn fi ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde ni wọ́n ń wò, àti ìlẹ̀kùn inú rẹ̀ bóyá ó ń pa dé, àti bí yàrá òkè apá òsì ṣe tóbi tó. Tí yàrá yẹn bá ti fẹ̀ jù, ablation kì í fi bẹ́ẹ̀ mú un dúró. Tèmi ti fẹ̀ díẹ̀, kò tíì fẹ̀ jù.

CT, ẹ̀rọ tó ń fi X-ray ya àwòrán inú ara, ni wọ́n fi ya àwòrán ọ̀nà. Iṣan mẹ́rin ló sábà máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ẹ̀dọ̀fóró wá sí yàrá òkè apá òsì. Lọ́dún 1998, Haïssaguerre àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé fi hàn pé ẹnu àwọn iṣan yìí ni iná tó ń dá AF sílẹ̀ ti sábà máa ń wá. Ẹnu wọn ni wọ́n fẹ́ jó yí ká. Ṣùgbọ́n ti gbogbo èèyàn kọ́ ló rí bákan náà: àwọn kan ní mẹ́ta, àwọn kan ní márùn-ún, ti àwọn mìíràn ti pàdé kó tó wọlé. Mo ní oníbàárà tí èjìká rẹ̀ ọ̀tún ga ju tòsì lọ, ẹni tó bá rán aṣọ fún un láìwọ̀n ọ́n á bà á jẹ́. Ìwọ̀n ni CT ń mú.

Wọ́n ki abẹ́rẹ́ oníke sí mi lápá, wọ́n á sì gba ibẹ̀ ta oògùn kan tó ń jẹ́ kí iṣan hàn nínú àwòrán. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún mi: "Ó máa dà bíi pé ẹ ti tọ̀ sára, ṣùgbọ́n ẹ ò tọ̀." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Ooru gbéra láti ọ̀fun, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ikùn. Ká ní kò sọ fún mi ni, ìtìjú ni n bá fi kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rọ ní kí n mú èémí dúró, mo mú un dúró, ó parí. Oògùn yẹn ń gba inú kíndìnrín jáde, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́kọ́ wo kíndìnrín. Ẹni tó bá ń lo metformin fún ìtọ̀ ṣúgà tàbí tí ara rẹ̀ kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ rí, kó sọ.

Àyẹ̀wò tí kì í ṣe ti ẹ̀rọ ni mo fojú kéré jù. Wọ́n pè mí fún ìmúrasílẹ̀: ìwọ̀n ìfúnpá, kílò, gíga. Wọ́n ti òwú bọ̀ mí nímú, wọ́n fi nu itan mi níbi tí wáyà máa gbà, láti wò ó bóyá kòkòrò tí oògùn kì í ràn wà níbẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo máa ń hanrun. Mo ní rárá. Ọkọ mi tó tẹ̀ lé mi ní òun ń gbọ́ ọ, pé nígbà mìíràn mo máa ń dákẹ́ pátá bí ẹni tí kò mí mọ́, òun á sì fọwọ́ tọ́ mi. Ọ̀pọ̀ ọdún la ti jọ ń sùn, kò sọ ọ́ fún mi rí. Wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ tí mo fi há ìka sùn, torí àìmí lójú orun a máa bá AF rìn. Làálì ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lẹ́ẹ́kánná mi, wọ́n ní kí n há a mọ́ ìka tí kò ní. Nítorí ohun tí ọkọ mi sọ yẹn, ẹni tó ń sùn tì ọ́ ni kó sìn ọ́ lọ.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi létí pé n kò gbọ́dọ̀ fo apixaban, ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kí iṣẹ́ náà tó wáyé. Mo ní mo ti gbọ́.

Ìròyìn ikú àǹtí mi dé. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́, tábìlì rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ di àlùmọ́gàjí mú, kò ṣeé ṣe kí n má lọ. Mo kó oògùn mi sínú àpótí ńlá tó lọ sábẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Mo dé, àpótí kò dé. Ọjọ́ kejì ló tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Oògùn mẹ́rin ti lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, alẹ́ ìsìnkú kì í jẹ́ alẹ́: àìsùn, oúnjẹ, àlejò, a ò délé kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo fo ti alẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀gbọ́n mi kan gbé àgbo wá, ó ní ó dára fún àyà lílù, mo mu ún fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ àdúrà ìdúpẹ́, mo gba ààwẹ̀, mo sì ka oògùn àárọ̀ mọ́ oúnjẹ.

Mo padà sí London nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ náà, ọsibítù pè mí lórí fóònù, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ dára bi mí bóyá mo ti fo oògùn kankan. Mo dúró díẹ̀. Mo rò ó pé tí mo bá sọ, wọ́n á yọ orúkọ mi kúrò, wọ́n á ní n kò mọ ìtọ́jú ara mi. Ojú tì mí. Mo ní, "Rárá."

Ọ̀nà oúnjẹ gba ẹ̀yìn yàrá òkè apá òsì gan-an kọjá, wọ́n súnmọ́ra bí aṣọ àti láínì inú rẹ̀. Yàrá yẹn ní àpò kékeré kan tó rí bí etí, inú àpò náà sì ni ẹ̀jẹ̀ ti sábà máa ń dì. Echo orí àyà kì í rí inú rẹ̀ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe TOE: echo kan náà ni, ọ̀nà ọ̀fun ló ń gbà. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni wọ́n ń ṣe é fún, àwọn kan ń fi CT wo àpò náà, àwọn kan ń fi ẹ̀rọ tíntín wò ó láti inú ọkàn fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́. Èmi, TOE ni wọ́n ṣe fún mi, ẹ̀ẹ̀mejì.

Òun ló ń ba gbogbo èèyàn lẹ́rù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. N kò jẹun fún wákàtí mẹ́fà ṣáájú, omi lásán nìkan ni wọ́n gbà mí láyè fún, títí di wákàtí méjì sí i. Ẹni tó ní eyín àtọwọ́dá á yọ ọ́, eyín tó bá ń mì, kí o sọ. Wọ́n fọ́n oògùn sí mi lọ́fun, ó korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀, láìpẹ́ ọ̀fun mi kú, n kò mọ̀ mọ́ bóyá itọ́ ń wọlé. Mo fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀. Wọ́n fi ike sí mi lẹ́nu kí n má baà fi eyín gé ẹ̀rọ náà. Wọ́n gún oògùn tó ń mú ara rọ̀ sí mi, kì í ṣe orun gidi, mò ń gbọ́ ohùn wọn bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. Ọ̀pá náà tó ìka ọwọ́ ní sísanra. Wọ́n ní kí n gbé e mì, mo gbé e mì, ó gbé mi lọ́fun lẹ́ẹ̀kan, mo bì gbẹ, ó kọjá. Itọ́ ń dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu mi, nọ́ọ̀sì kan ń nù ún, ọwọ́ rẹ̀ kejì di tèmi mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyókù, n kò rántí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀fun ń dunni lọ́jọ́ náà bí ọ̀fun ẹni tó kọrin mọ́jú. Ẹ má mu tíì gbígbóná kí ọ̀fun tó jí, á bó yín láìmọ̀. Ẹ má wa mọ́tò fún wákàtí 24, kí ẹnìkan wá mú yín lọ sílé.

Nọ́ọ̀sì tó di ọwọ́ mi mú, ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Lẹ́yìn tí dókítà ti lọ, ó fa aṣọ ìkélé, ó tẹ̀ sún mọ́ mi.

"Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ bá yín wí. Ṣé ẹ fo oògùn yín?"

"Ọmọ mi, mo fò ó."

"Ẹ̀ẹ̀melòó, mà?"

Mo kà á fún un, láti orí àpótí dé orí ààwẹ̀. Mẹ́jọ. Mo sọ ti àgbo náà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, kò mí kanlẹ̀, kò mirí.

"Wákàtí méjìlá-méjìlá ni oògùn yẹn ń ṣọ́ yín, mà. Tí ẹ bá fo ọ̀kan, ilé ti ṣófo nìyẹn. Àgbo, a ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó lè bá a jà. Ká ní ẹ sọ fún wa lórí fóònù ni, à bá kàn sún un síwájú, ẹ ò bá má gbààwẹ̀ wá lásán. A kì í yọ orúkọ ẹni tó bá sọ òótọ́."

Gbólóhùn tó sọ gbẹ̀yìn yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí mú lọ sílé. Mo ti wo oṣù mẹ́jọ àyẹ̀wò bí ẹni tó ń jókòó ìdánwò, tó fẹ́ kí wọ́n fún òun ní máàkì. Wọn kò fún mi ní máàkì. Ibi tí ewu wà ni wọ́n ń wá, èmi sì lọ bo ibẹ̀ mọ́ wọn lójú. Ẹ̀rọ rí ohun tí mo bò. Ẹ sọ ti àgbo, ẹ sọ ti obì àti orógbó tí ẹ ń jẹ, ẹ sọ ti ààwẹ̀. Ọkùnrin kan tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ mi ń lo warfarin, oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ẹ̀fọ́ pàápàá ni wọ́n ní kó máa sọ, torí ẹ̀fọ́ a máa dín agbára warfarin kù tó bá jẹ ẹ́ ju bó ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ. Apixaban kò ní ìjà pẹ̀lú ẹ̀fọ́, mo bi wọ́n.

Wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Mo fi oògùn kan sínú àpò ọwọ́, mo fi òmíràn sí ṣọ́ọ̀bù, mo ṣètò fóònù kó máa dún ní aago méje àárọ̀ àti méje alẹ́. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, igi dúdú ni. Nígbàkígbà tí mo bá gbé oògùn mì, mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì aránṣọ fa ìlà kan síbẹ̀. Àwọn oníbàárà ń bi mí bóyá gbèsè ni mò ń kà.

Ọjọ́ tí mo padà lọ, ìkorò kan náà, ike kan náà, kànga kan náà. Nígbà tí mo lajú, dókítà wà ní ìdúró. Ó ní àpò náà mọ́, pé wọ́n ń tún yàrá iṣẹ́ ṣe lọ́wọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ló wá tì mí lọ. Ó bi mí ní orúkọ, ó bi mí ní ọjọ́ ìbí, ó wo bébà ọwọ́ mi.

"Mọ́mì, ìgbà wo lẹ lo apixaban gbẹ̀yìn?"

"Aago méje àárọ̀ yìí, pẹ̀lú omi díẹ̀, bí ẹ ṣe ní kí n ṣe."

"Ṣé ẹ fo ìkankan?"

Mo ní kí ọmọbìnrin mi gbé fóònù wá, mo fi àwòrán ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi hàn án. Ó fi ìka sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.